Ajá àti Ológbò Láàárín Èrò Ṣómólú àti Bàrígà

Ajá àti ológbò yàtọ̀ sí ewúrẹ́ àti adìẹ ní ti pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń jẹun nínú ilé Yorùbá: ajá ọdẹ a máa lé ẹran jáde nínú igbó, ajá ilé a máa gbó kí olè tó dé ẹnu ọ̀nà, ológbò, tí àwọn mìíràn ń pè ní ológìnní, a sì máa ṣọ́ àká àti ilé ìdáná lọ́wọ́ eku. Ìtọ́jú tí wọ́n ń rí gbà láyé àtijọ́ kò pọ̀. Àjẹkù oúnjẹ ni, pẹ̀lú omi nínú àwo tó ti fọ́ àti ibi ìsùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí pé igbó àti oko tó yí ilé ká ló ń pèsè ìyókù: ààyè ìsáré, òjìji, àti ẹran kékeré tí wọ́n lè pa jẹ. Ní Ṣómólú àti Bàrígà ní Èkó, níbi tí ilé ti fẹ̀gbẹ́ kan ilé, gbogbo ohun tí igbó ń ṣe nígbà náà ti bọ́ sọ́rùn ẹni tó ń sin ẹran náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sìn wọ́n kò sì tíì ṣírò ẹrù yìí mọ́ iye tí wọ́n ra ọmọ ajá.

Bàrígà, tí wọ́n yọ kúrò lára Ìjọba Ìbílẹ̀ Ṣómólú gẹ́gẹ́ bí agbègbè ìdàgbàsókè ní 2003, na ọwọ́ dé etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, níbi tí afárá Third Mainland ti ń hàn lókèèrè. Ilé oníyàrá tó kọjú síra wọn pọ̀ níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń pín àgbàlá kan àti ilé ìdáná kan láàárín ara wọn. Ajá inú irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ló rà á: àwọn ọmọ yàrá kejì ló ń bá a ṣeré, olóúnjẹ ẹnu ọ̀nà ló ń ju eegun sí i, ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n sì ti ń sọ òkò lù ú bó bá gbó lóru. Ní Ṣómólú, tí òkìkí rẹ̀ kàn fún iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ológbò wúlò fún ẹni tó bá ń kó bébà pamọ́, nítorí pé eku a máa rún bébà láti fi ṣe ìtẹ́, ó sì lè ba odindi ìdì kan jẹ́ láàárín òru díẹ̀.

Inú àwo oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ ìpalára ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn ẹran náà jù lọ ló sì sábà máa ń fà á. Ológbò jẹ́ ẹranko ajẹran pátápátá: ara rẹ̀ kò lè ṣe taurine tó bó ṣe yẹ, èyí tí í ṣe èròjà inú ẹran àti ẹja tó ń gbé ọkàn àti ojú ró, nítorí náà ológbò tí wọ́n ń fi ẹ̀bà àti ìrẹsì nìkan bọ́ láti oṣù dé oṣù lè fọ́jú, kí ọkàn rẹ̀ sì di ahẹrẹpẹ, bí ikùn rẹ̀ tilẹ̀ ń yó. Ẹja ṣáwá tí wọ́n bọ̀ láìfi iyọ̀ àti ata sí i sàn fún un ju wàrà lọ, torí pé wàrà kì í dà nínú ọ̀pọ̀ ológbò tó ti dàgbà, ìgbẹ́ gbuuru ló sì ń dá sí wọn lára. Ajá lè jẹ ìrẹsì pẹ̀lú ẹran láìsí ewu, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí wọ́n dà lé e lórí ni ọ̀ràn wà, nítorí pé àlùbọ́sà àti aáyù, ìbáà jẹ́ tútù tàbí sísè, ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ajá àti ti ológbò. Eegun adìẹ tí wọ́n ti sè a máa ṣẹ́ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, ó sì lè lu ìfun.

Èyí tó burú jù ni oògùn èèyàn. Bí ara ológbò bá gbóná, àwọn kan a máa fọ́ ìdajì Paracetamol sínú oúnjẹ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ, láìmọ̀ pé ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní agbára tí ẹ̀dọ̀ èèyàn ní láti tú oògùn náà ká. Ẹ̀jẹ̀ ológbò náà kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ kiri ara mọ́, èrìgì rẹ̀ yóò di aláwọ̀ ilẹ̀, ó sì lè kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Oògùn tí kò wọ́n, tó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, tí ìfẹ́ sì mú wá, ló pa á.

Eégbọn náà ń pa ajá, lọ́nà méjì. Eégbọn fúnra rẹ̀ a máa gbé kòkòrò tí ojú kò lè rí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Babesia, sínú ẹ̀jẹ̀, kòkòrò yìí a sì máa bẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa gẹ́gẹ́ bí kòkòrò ibà ti ń ṣe sí èèyàn, títí ìtọ̀ ajá yóò fi pọ́n bí sobo. Ọ̀nà kejì ni ìwòsàn tí àìmọ̀kan mú wá: dichlorvos, apakòkòrò olómi tí wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ ọ̀tapíapíà, ni àwọn kan ń fi wẹ ajá, nígbà tó jẹ́ pé májèlé tó ń da iṣan ìmọ̀lára rú ni, tí ajá yóò sì lá a kúrò lára irun rẹ̀, tí itọ́ yóò máa dà lẹ́nu rẹ̀, tí yóò máa gbọ̀n títí yóò fi ṣubú. Àjọ NAFDAC, tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ti fòfin de ike kékeré rẹ̀ ní 2019 nítorí àwọn èèyàn tí ń gbé e mu. Oògùn eégbọn tó bójú mu wà lọ́wọ́ dókítà ẹranko, ṣùgbọ́n èyí tó ní permethrin nínú, tí wọ́n ṣe fún ajá, kò gbọdọ̀ kan ológbò rárá. Eégbọn aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń gbé ara ajá a sì máa yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sínú ihò ara ògiri, nítorí náà títọ́jú ajá kan láìtún gbogbo àgbàlá ṣe kì í pẹ́ já sí òfo.

Ní ti dìgbòlugi, àrùn tí kòkòrò rẹ̀ ń gba itọ́ wọ ojú egbò tí ó sì ń tọ iṣan lọ sínú ọpọlọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ó ń pa nǹkan bí 59,000 èèyàn lọ́dọọdún, pé ajá ló ń fa èyí tó pọ̀ jù, àti pé ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15 jẹ́ nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí Louis Pasteur kọ́kọ́ fún ọmọkùnrin kan tí ajá bù jẹ ní 1885, ń dá a dúró bí wọ́n bá tètè fún ẹni náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi omi àti ọṣẹ fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15. Ọmọ ajá àti ọmọ ológbò a máa gba tiwọn ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, wọn a sì tún un gbà lẹ́yìn ọdún kan. Ohun tí olùsìn ní Èkó gbọ́dọ̀ béèrè ni ibi tí abẹ́rẹ́ náà ti sùn mọ́jú, nítorí pé inú òtútù láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó yẹ kó wà, ìlú tí iná ń lọ tó ń bọ̀ kì í sì í jẹ́ kí gbogbo fíríìjì pa á mọ́ bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ti yáná yóò wọ ara ajá, wọn yóò kọ ọ́ sínú káàdì, kò sì ní dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ayọ̀ ajá kò ju ìrìn àti ẹlẹ́gbẹ́ lọ. Ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́ lábẹ́ páànù gbígbóná kò rí méjèèjì, ooru sì ń dà á láàmú, pàápàá irú onírun ńlá tí wọ́n kó wá láti ìlú òtútù, nítorí pé ajá kì í làágùn bí èèyàn, àfi ní àtẹ́lẹsẹ̀. Mímí hẹlẹhẹlẹ pẹ̀lú ahọ́n tó yọ síta ni gbogbo ohun tó fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ajá ìbílẹ̀, tí ará Èkó ń pè ní ekuke tí wọ́n sì ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, gba ooru yìí ju irú onírun ńlá wọ̀nyẹn lọ fíìfíì, ó sì tọ́ kí ẹni tó ń gbé yàrá kan ronú sí i kó tó náwó.

Ìyà tó ń jẹ ológbò yàtọ̀, nítorí pé àwọn èèyàn ń bẹ̀rù rẹ̀. Igbe tó ń ké lóru, tó jọ ti ọmọ ìkókó, ni wọ́n ń pè ní ohùn àjẹ́, tí wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ da omi gbígbóná sí i lára, bẹ́ẹ̀ igbe abo tó ń wá akọ ni, tó sì lè bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìgbà tí wọ́n bí i. Iṣẹ́ abẹ tí kì í jẹ́ kó bímọ mọ́ ń pa igbe náà rẹ́, ó sì ń dín iye ọmọ ológbò tí wọ́n ń kó dà sẹ́bàá gọ́tà kù. Ìyókù ohun tí inú rẹ̀ ń dùn sí kò wọ́n ní Ṣómólú: páálí òfìfo tí wọ́n gbé sókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé, ìgékù bébà láti ilé ìtẹ̀wé tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ nínú àwo fún ìgbẹ́ rẹ̀, àti igi kan tó lè máa ha èékánná mọ́ dípò àga onílé.