Onígìtá Ẹ̀bá Títì àti Ìyá Tó Ń Dá Ọmọ Tọ́

Ní oṣù yìí, n kò fẹ́ fi iye owó tó wà lápò ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó jẹ gbèsè. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ. Ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí ọ̀rọ̀ owó yíyá wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìtàn náà wá láti inú fíìmù kan tí wọ́n yà ní ìlú Dublin, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Áyálándì, lọ́dún 2006. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Once, bí ìgbà tí a bá ní "Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo". Ọ̀gbẹ́ni John Carney ló kọ ọ́, òun náà ló sì darí rẹ̀. Ẹni méjì ló gbé e dúró: Glen Hansard, tí í ṣe ọmọ Dublin, àti Markéta Irglová, ọmọbìnrin orílẹ̀-èdè Czech. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ àwọn méjèèjì nínú ìtàn náà. "Ọkùnrin" àti "Ọmọbìnrin" lásán ni wọ́n kọ fún wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Mélòó nínú wa ló mọ orúkọ alágbe tó ń kọrin lẹ́nu ọ̀nà ọjà?

BÍ WỌ́N ṢE PÀDÉ

Òpópónà Grafton ni ọkùnrin yìí ti ń ta gìtá rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́jà ńlá wà ní Dublin, èrò sì ń wọ́ tìrítìrí. Lójú ọ̀sán, orin tí ará ìlú ti mọ̀ ló ń kọ, torí irú orin bẹ́ẹ̀ ni í mú owó wá. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí èrò dínkù, á wá kọ èyí tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún yín. Ọjà tí oníbàárà ń béèrè la ń pàtẹ síwájú, èyí tí ọkàn wa fẹ́ a máa wà lẹ́yìn.

Ìyá rẹ̀ ti kú, ó sì padà sí ilé bàbá rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń fẹ́ ti já a sílẹ̀, ó ti lọ sí London. Iṣẹ́ tó ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ ni kí ó máa bá bàbá rẹ̀ tún ẹ̀rọ tí ń fa ìdọ̀tí ilẹ̀ ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Ọjọ́ ń lọ, ó kàn ń fẹsẹ̀ gbálẹ̀ kiri ni.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan dúró gbọ́ orin rẹ̀. Sẹ́ǹtì mẹ́wàá péré ló jù sínú àpótí gìtá, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó béèrè ju owó náà lọ fíìfíì. Ta ni o kọ orin yìí fún? Kí ló dé tí o kì í kọ ọ́ lọ́sàn-án? Nígbà tó gbọ́ iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ń ṣe, ó ní ẹ̀rọ tòun náà ti bàjẹ́, òun á gbé e wá lọ́la. Lóòótọ́, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun nìyẹn, tó ń wọ́ ẹ̀rọ lẹ́yìn láàárín ìgboro bí ẹni ń fa ajá lókùn.

Ta wá ni obìnrin yìí? Àlejò ni ní Dublin. Ó ń ta òdòdó àti ìwé ìròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì ń bá ènìyàn tún ilé ṣe. Ó ní ọmọbìnrin kékeré kan tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń tọ́ nínú yàrá tí wọ́n háyà. Ọkọ rẹ̀ wà ní ìlú wọn lọ́hùn-ún. Àwọn aládùúgbò tí wọn kò ní tẹlifíṣọ̀n a máa wọlé wá wo tiwọn. Ilé tálákà ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni dùùrù títẹ̀. Kò lówó láti ra dùùrù, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin kan ló gbà á láyè pé kí ó máa wá tẹ ọ̀kan ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ó mú ọkùnrin náà lọ. Ọ̀kan ta gìtá, èkejì tẹ dùùrù, wọ́n sì jọ kọ orin tí ọ̀kan nínú wọn kò gbọ́ rí. Ibẹ̀ ni ọkàn wọn ti pàdé.

N kò ní pa àṣìṣe ọkùnrin náà mọ́. Lọ́jọ́ tó tún ẹ̀rọ náà ṣe tán, ó ní kí obìnrin yìí kúkú sun ọ̀dọ̀ òun mọ́jú. Inú bí i, ó bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà wá a lọ, ó tọrọ àforíjì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń dá ọmọ tọ́ kì í ṣe ẹrù tí a rí he lójú ọ̀nà. Kí àwọn ọkùnrin inú ẹgbẹ́ wa tó ń fi ẹ̀rín ẹ̀yẹ́ bá àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá wá dá owó, kí wọ́n gbọ́ o.

KÓLÓ ỌMỌ

Apá kan wà tó wọ̀ mí lára jù. Ọkùnrin náà gbé orin kan fún un láti lọ fi ọ̀rọ̀ sí i, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí yóò fi máa gbọ́ ọ. Lóru, bátìrì kú. Kò sí owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bá lọ sí ìdí kóló ọmọ rẹ̀, ó mú owó níbẹ̀, ó sì ṣèlérí pé òun á san án padà. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní òru yẹn, ó ra bátìrì, ó sì ń kọ orin náà bọ̀ wálé lójú títì.

Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọ tí kò tíì mọ owó kà ló yá ìyá rẹ̀ lówó. Ìyá kò sọ pé "ṣebí èmi ni mo bí i". Gbèsè ni gbèsè ń jẹ́, ìbáà jẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọwọ́. Àwa àgbàlagbà tí a ń yá owó ẹgbẹ́ tí a wá ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá nígbà tí akọ̀wé bá ń bọ̀, ǹjẹ́ ojú kò tì wá?

NÍ BÁŃKÌ

Ọkùnrin náà fẹ́ lọ sí London. Kí ó tó lọ, ó fẹ́ gba àwọn orin rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, kí ohun tó máa fi han àwọn ènìyàn lè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó sitúdíò wọ́n. Obìnrin yìí ló bá onísitúdíò dúnàádúrà títí owó fi wálẹ̀. Ọmọ ọjà ni, ó mọ bí wọ́n ti ń ná an. Lẹ́yìn náà, wọ́n wá kóòtù wọ̀, wọ́n forí lé báńkì.

Kí ni wọ́n gbé dání? Kò sí ilẹ̀, kò sí ilé, kò sí ṣọ́ọ̀bù. Orin nìkan ni. Obìnrin náà ló ń bá a sọ̀rọ̀ níwájú máníjà. Nígbà tí máníjà gbọ́ orin wọn, òun náà fa gìtá tirẹ̀ yọ, ó ní òun ń ṣeré díẹ̀díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ní ọ́fíìsì, ó sì yá wọn lówó. Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n mo ronú sí i. Òǹkọ̀wé lè bá wa wá irú máníjà bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù. Nínú ayé tí a wà yìí, èmi kò tíì pàdé rẹ̀.

Wọ́n kó àwọn olórin ẹ̀bá títì mìíràn jọ, wọ́n sì wọ sitúdíò. Ẹni tó ń bá wọn gba orin sílẹ̀ kọ́kọ́ fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Kò pẹ́ tí orin àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó jókòó dáadáa. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n gbé orin náà sínú ọkọ̀ láti gbọ́ bí yóò ti dún nínú ẹ̀rọ tí kò dára, torí inú irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ti gbọ́ ọ.

BÓ ṢE PARÍ

Ẹ̀yin tó ń retí ìgbéyàwó, ẹ má bínú. Wọn kò fẹ́ra. Ọkọ obìnrin náà dé sí Dublin láti wá bá ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Bàbá ọkùnrin náà gbọ́ orin ọmọ rẹ̀, ó yìn ín, ó sì fún un lówó àti ìre pé kí ó máa lọ. Ṣùgbọ́n kí ó tó kúrò nílùú, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọjọ́sí, ó ra dùùrù kan, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé obìnrin náà. Bí ìtàn ṣe tán nìyẹn: ìyá ọmọ jókòó nídìí dùùrù tirẹ̀, ó ń wo ojú fèrèsé.

Ẹnì kan fi 10 sẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀, ẹnì kejì fi dùùrù dá a padà. Láàárín méjèèjì, ẹ̀rọ kan ti di títúnṣe, orin ti di gbígbà sílẹ̀, a sì ti bọ̀wọ̀ fún ara wa.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ GAN-AN

Bí wọ́n ṣe ṣe fíìmù náà kò jìnnà sí ìtàn inú rẹ̀. Ọmọ ọdún 13 ni Glen Hansard nígbà tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ tó lọ ń ta gìtá ní ìgboro Dublin. Ó dá ẹgbẹ́ olórin The Frames sílẹ̀ lọ́dún 1990, John Carney sì wà lára wọn nígbà kan. Ọjọ́ 17 péré ni wọ́n fi ya fíìmù náà. Owó tí àjọ fíìmù Áyálándì fún wọn kò tó nǹkan, kò tó 150,000 yúrò. Carney yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀ fún àwọn méjì tó ṣeré náà, wọ́n sì jọ ṣàdéhùn láti pín èrè bó bá wọlé. Kí la ń pe ìyẹn nílé wa? Àjọṣe ni, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kékeré ni.

Èrè sì wọlé. Lọ́dún 2007, àwọn òǹwòran ní àjọ̀dún Sundance ní Amẹ́ríkà dìbò fún un. Gbogbo owó tó pa káàkiri ayé ju mílíọ̀nù 20 dọ́là lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2008, orin inú rẹ̀, "Falling Slowly", gba ẹ̀bùn Oscar. Orin bo Irglová mọ́lẹ̀ kí ó tó lè dúpẹ́, ni Jon Stewart tó ń darí ètò náà bá pè é padà sórí pèpéle kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀. Wọ́n sọ ìtàn náà di eré orí ìtàgé, ó sì gba ẹ̀bùn Tony mẹ́jọ ní New York lọ́dún 2012.

Nǹkan mìíràn wà tí fíìmù náà kò sọ. Ìlú Dublin yìí kan náà ni olùkọ́ obìnrin kan, Nora Herlihy, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ àti ẹ̀yáwó, nítorí ìṣẹ́ àti àìríṣẹ́ṣe ń bá ará ìlú fínra, àwọn olówó èlé sì ń gún wọn lẹ́gùn-ún. Lọ́dún 1958 ni àwọn ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, òfin tó dá wọn mọ̀ sì jáde lọ́dún 1966. Tiwa ní Nàìjíríà ti ṣáájú, ọdún 1935 ni ìjọba ti ṣòfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ lọ́hùn-ún náà ni a fi dá tiwa sílẹ̀: kí ẹni tí kò ní ilé tàbí ilẹ̀ lè rí owó yá láìjẹ́ pé máníjà kan fẹ́ràn gìtá.

ÀWA ŃKỌ́?

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di akọ̀wé, ìyá aláta kan wá tọrọ owó yíyá. Ọmọ méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pa ọjọ́ owó dídá jẹ rí. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ bi í pé, "Ọkọ rẹ ńkọ́? Ta ni yóò fọwọ́ sí i?" Ó dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, èmi náà kò sọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé "a dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró". Kò pẹ́, ó gba gbogbo owó tó fi pamọ́, ó sì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Títí di òní, bí mo bá ṣí ojú ìwé yẹn, ọwọ́ ara mi ni mo ń rí níbẹ̀. Nínú òfin wa, kò sí ibi tí a ti kọ ọ́ pé ọkọ nìkan ni í ṣe onígbọ̀wọ́. Àwa la fi ẹnu ara wa fi kún un.

Ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí nìyẹn. Bí obìnrin kan bá wá yáwó, ìwé owó rẹ̀ ni kí á ṣí, kí á wo bó ti ń dá owó. Ọmọ ẹgbẹ́ èyíkéyìí tó mọ̀ ọ́n, lọ́kùnrin lóbìnrin, lè gbọ̀wọ́ fún un. Bí onílù, alágbàṣe tàbí ẹni tó ń kiri ọjà bá wá, kí á má ṣe wí pé kò ní ṣọ́ọ̀bù. Kí á béèrè iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀yin tí a bá sì yá lówó, ẹ rántí kóló ọmọ yẹn, ẹ san án padà lọ́jọ́ tó pé.

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ara ohun tí a ó jíròrò ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí ìyá aláta náà ń tajà báyìí, kó jọ̀wọ́ bá mi kí i, kó sọ fún un pé akọ̀wé ní kó máa bọ̀. Àyè rẹ̀ ṣì wà.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́,
Akọ̀wé