Ìbọn Kì Í Ṣe Ohun Ìṣeré: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Òbí ní Kabala Doki

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: “Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun?” Apátí ni a ń fà kí ìbọn tó dún. Ẹni tí ó gbọ́n kì í dúró wádìí bóyá ọta wà nínú ìbọn kí ó tó yà fún un. Ẹ̀kọ́ yìí ni ó yẹ kí gbogbo òbí Yorùbá ní Kabala Doki, àti jákèjádò Òkè Ọya, fi kọ́ ọmọ wọn.

Ìlú ológun ni Kàdúná. Ọdún 1964 ni a dá NDA, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun, sílẹ̀ níbẹ̀. Ọdún náà ni a sì dá DICON, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ohun ìjà, sílẹ̀. Ọmọ tí a bí sí àárín wa mọ aṣọ ológun, ó sì ń rí ìbọn ní èjìká ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n rírí kì í ṣe mímọ̀. Bí ó bá bá wa lọ sílé ní àkókò Iléyá tàbí Kérésìmesì, tí ó rí ṣakabùlà lára ògiri bàbá àgbà, kí ni yóò fi í pè bí kò ṣe ìbọn ike tí a rà fún un lọ́dún? Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́.

Láti ẹnu ni a ti ń rọ ẹtù àti ọta sínú ṣakabùlà, tí a ó sì fi ọ̀pá gún un. Bí a bá ti ki ìbọn náà tán, wíwò lásán kò lè fi hàn. Bí ọdẹ bá ti oko dé láìyìn ín, ikú ni ó gbé kọ́ sára ògiri yẹn.

Nílé ọdẹ àtijọ́, ọmọ kì í ṣàdédé gba ìbọn. Àpò ni yóò kọ́kọ́ máa gbé tẹ̀lé baba rẹ̀. Yóò mọ ibi tí ó yẹ kí òun dúró sí. Yóò kọ́ pé a kì í fi ìka kan apátí títí a ó fi ṣetán, àti pé a kì í yìnbọn sí igbó tí ń mì, nítorí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ ẹni lè wà níbẹ̀.

Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 kò fàyè gbà á kí a fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 ní ìwé àṣẹ, ìbáà ṣe ti ṣakabùlà. Nítorí náà, ìṣọ́ra ni kí a kọ́ ọmọdé. Ìbọn yíyìn yóò dúró de ọjọ́ orí àti àṣẹ ìjọba.

Láti ọdún 1988 ni ẹgbẹ́ NRA ní Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ohun mẹ́rin bí wọ́n bá rí ìbọn: kí wọ́n dúró, kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kàn án, kí wọ́n sá kúrò níbẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún àgbàlagbà. Ẹ fi kọ́ wọn ní Yorùbá àti ní Haúsá, nítorí èdè méjèèjì ni wọ́n fi ń ṣeré.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọmọ kò tó. Kí olówó ìbọn tì í mọ́ àpótí, kí ó sì pa ẹtù mọ́ síbòmíràn. Kí a tó rán ọmọ lọ lo ìsinmi, ẹ bèèrè ibi tí bàbá àgbà ń gbé ìbọn rẹ̀ sí. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àrífín. Ọta tí ó ti jáde kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.