Ṣé O Mọ̀? Ẹni Tó Fúnni Níwèé Ẹ̀rí Ni Kí O Bi

Iléeṣẹ́ rẹ ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó server. Ìwé ìwáṣẹ́ ti kún orí tábìlì, ìwé ẹ̀rí sì wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí o tó mú ẹnikẹ́ni, gbọ́ wọ̀nyí ná.

Ṣé o mọ̀ pé ojú lásán kò lè dá ìwé ẹ̀rí gidi mọ̀? Ẹ̀rọ tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó fún wa ní Ọjà'ba n'Ìbàdàn lè tẹ àmì Cisco àti ti Red Hat, kí wọ́n sì lámínéètì rẹ̀ kó máa dán. Àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó gbé ìdánwò kalẹ̀ nìkan ló lè jẹ́rìí.

Ṣé o mọ̀ pé bíbi ẹni tó ni àkọsílẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì ládùúgbò Ìsàlẹ̀ Òsì? Ẹni tó bá gba ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Mápó lọ wá ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, wọ́n á bi í pé agbo ilé wo ló ti wá. Mọ́gàjí, olórí agbo ilé náà, ni yóò sọ bóyá ọmọ àwọn ni.

Ṣé o mọ̀ pé mọ́gàjí ìwé ẹ̀rí kọ̀ǹpútà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì? CompTIA ń fún ẹni tó yege ní kóòdù àyẹ̀wò. Red Hat ń fún un ní nọ́ńbà. LPI ń fún un ní nọ́ńbà àti kóòdù. Gba èyí lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́, tẹ̀ ẹ́ sórí wẹ́ẹ̀bù iléeṣẹ́ náà lórí fóònù rẹ: orúkọ rẹ̀ àti ìwé tó gbà á jáde.

Ṣé o mọ̀ pé kò yẹ kó o tẹ̀lé líǹkì tó wà lára ìwé náà? Ẹni tó lè ṣe ayédèrú ìwé lè ṣe ayédèrú wẹ́ẹ̀bù tí yóò gbè é lẹ́yìn. Fúnra rẹ ni kó o tẹ àdírẹ́sì iléeṣẹ́ náà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìwé yìí máa ń kú? CCNA ti Cisco ń lo ọdún 3, RHCSA ti Red Hat ọdún 3, LPIC ti LPI ọdún 5. Ọ̀pọ̀ ìwé Microsoft fún alábòójútó, ọdún kan péré ni, àtúnṣe rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba A+ ti CompTIA kí ọdún 2011 tó wọlé, tiẹ̀ kò ní ọjọ́ ìparí. Má ṣe pè é ní onírọ́.

Ṣé o mọ̀ pé Microsoft ti fòpin sí ìdánwò MCSE ní ọjọ́ 31, oṣù Kìíní, 2021? Ẹni tó bá ní òun jókòó ṣe é ní 2023, bi í pé níbo.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé "mo parí kíláàsì" àti ìwé "mo yege ìdánwò" kì í ṣe ọ̀kan náà? Ní gbọ̀ngàn ìdánwò Pearson VUE, wọ́n á wo káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kíláàsì orí fóònù kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni bí kò ṣe owó.

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ tí kò bára mu kì í ṣe irọ́ nígbà gbogbo? Obìnrin lè ti lọ́kọ, onísìláámù lè kọ orúkọ mọ́sálásí sílẹ̀ níbì kan kó kọ ti ilé síbòmíì. Béèrè ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ kó o tó dájọ́.

Ṣé o mọ̀ pé àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí ti gbé ọ̀gá àgbà kúrò lórí àga rí? Ní 1999, Salisu Buhari, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin Nàìjíríà, ní òun kàwé ní Yunifásítì Toronto. Ìwé ìròyìn The News wádìí lọ sí Kánádà, yunifásítì náà ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Oṣù Keje ọdún náà ló kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ní ìparí 2023, oníròyìn Daily Nigerian kan ròyìn bí òun ṣe gba ìwé ẹ̀rí dìgírì ní Kùtọnu láàárín ọ̀sẹ̀ 6? Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé lẹ́yìn ìròyìn náà, ìjọba àpapọ̀ ti dá gbígba dìgírì láti Benin àti Togo dúró.

Ṣé o mọ̀ pé òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 kan ìwọ náà? Sọ fún ẹni tó ń wáṣẹ́ pé o fẹ́ yẹ ìwé rẹ̀ wò, kó fọwọ́ sí i. Má sì fi ẹ̀dà ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp gbogbo ọ́fíìsì.

Ṣé o mọ̀ ìdí tí gbogbo èyí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Alábòójútó server ló ni pásíwọ́ọ̀dù tó ju ti ọ̀gá lọ. Owó oṣù, lẹ́tà, àkọsílẹ̀ oníbàárà, gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bó bá ṣìṣe, ó lè pa á rẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé nínú ìdánwò RHCSA, kò sí "mú ìdáhùn tó tọ̀nà"? Iṣẹ́ ni wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe lórí kọ̀ǹpútà, máàkì 210 nínú 300 ni yíyege, ohun tó o bá sì tún ṣe gbọ́dọ̀ ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ náà tí wọ́n tún un tàn. Ìwọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìwé bá ti jóòótọ́, gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan síwájú ẹni tó ń wáṣẹ́, ní kó fi ààyè kún díìsìkì láìpa fáìlì kankan rẹ́. Bó bá ṣe tán, pa ẹ̀rọ náà, tún un tàn, kó o wá wò ó.