Àrùn Sáínọ́ọ̀sì

Àrùn sáínọ́ọ̀sì ni àìsàn tí ó máa ń mú kí awọ inú àwọn ihò afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú egungun ojú wú, tí ikun sì máa ń há sínú wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, a máa pè é ní kátá, orúkọ kan náà tí wọ́n fi ń pe ọ̀fìnkìn lásán. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ni ó máa ń lọ láìlo oògùn apakòkòrò, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ lè ràn dé ojú tàbí ọpọlọ. Nítorí náà ni ó fi ṣe pàtàkì láti mọ èyí tí a lè tọ́jú nílé yàtọ̀ sí èyí tí ó gba ilé ìwòsàn.

Àwọn ihò inú egungun ojú

Oríṣi ihò mẹ́rin ni ó wà, wọ́n sì wà ní ọ̀tún àti òsì: nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní iwájú orí lókè ojú, láàárín ojú méjèèjì, àti lẹ́yìn imú nísàlẹ̀ ọpọlọ. Awọ inú wọn a máa ṣe ikun tí eruku àti kòkòrò ń lẹ̀ mọ́. Irun wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń ti ikun yìí gba ẹnu ọ̀nà tóóró jáde sínú imú. Bí awọ náà bá wú, ẹnu ọ̀nà yóò dí, ikun yóò dúró sínú ihò, kòkòrò yóò sì ráyè pọ̀ sí i.

Ohun tí ó ń fà á

Fáírọ́ọ̀sì tí ó ń fa ọ̀fìnkìn ni ó sábà ń fà á. Nínú 100 àgbàlagbà tí ọ̀fìnkìn bá mú, kì í sábà ju 2 lọ tí bakitéríà yóò tún ràn. Àwọn tí ó wọ́pọ̀ ni Streptococcus pneumoniae àti Haemophilus influenzae. Ẹran tí ó hù sínú imú, egungun àárín imú tí ó wọ́, àti eyín òkè tí ó ti jẹrà náà lè fà á, nítorí pé gbòǹgbò àwọn eyín òkè kan sún mọ́ ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́ pẹ́kípẹ́kí.

Ní Rẹ́mọ, àkókò ọyẹ́, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, ni afẹ́fẹ́ máa ń gbẹ jù, tí eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà sì ń fẹ́ wá. Ṣágámù wà ní ìkóríta òpópónà Èkó sí Ìbàdàn àti èyí tí ó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde àti Benin, èéfín ọkọ̀ kò sì wọ́n níbẹ̀. Ní àwọn abúlé, èéfín igi ìdáná àti ti gàrí dídín ni ó wọ́pọ̀. Eruku àti èéfín kì í ṣe kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n wọ́n ń ta awọ imú, wọ́n sì ń mú kí ó wú.

Àwọn àmì

Àwọn àmì rẹ̀ ni imú dídí, ikun tí ó ki, àìgbóòórùn dáadáa, ikọ́, eyín òkè dídùn, àti ìrora ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí iwájú orí tí ó máa ń le sí i bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀. Nítorí orí fífọ́ àti ara gbígbóná, ọ̀pọ̀ a máa rò pé ibà ni, wọn a sì lo oògùn ibà. Ibà kì í dí imú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó ń fi hàn bóyá ó wà lára.

Èyí tí kò bá tó ọ̀sẹ̀ 4 ni a mọ̀ sí ti òjijì. Èyí tí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ 12 ni ti ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ikun tí ó ní àwọ̀ ewé kì í ṣe ẹ̀rí pé bakitéríà wà níbẹ̀, nítorí pé ikun ọ̀fìnkìn lásán náà a máa yí àwọ̀ padà. Ohun mẹ́ta ni ó ń tọ́ka sí bakitéríà:

- bí àìsàn náà bá kọjá ọjọ́ 10 láìdínkù;
- bí ara bá gbóná tó ìwọ̀n 39°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ikun bí ọyún sì ń jáde fún ọjọ́ 3 sí 4;
- bí ara bá ti ń yá tẹ́lẹ̀, tí ó sì tún le padà.

Ìtọ́jú

Ìsinmi, omi mímu, oògùn ìrora bíi paracetamol, àti fífi omi iyọ̀ fọ imú ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ nínú ife omi kan tó. Omi náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a ti sè tí ó sì ti tutù, nítorí pé kòkòrò inú omi tí a kò sè lè gba imú wọ ọpọlọ. Oògùn tí a ń fín sí imú láti là á kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 3 sí 5, nítorí pé bí ó bá pẹ́ jù, òun gan-an ni yóò máa dí imú. Bíborí sórí omi gbígbóná tí a fi ewé efinrin sí lè mú ara tuni, ṣùgbọ́n kì í pa kòkòrò. Kò yẹ kí a ṣe é fún ọmọdé, kí omi má baà jó o.

Oògùn apakòkòrò bíi amoxicillin kò lágbára lórí fáírọ́ọ̀sì. Bí a bá ń rà á ní kẹ́mísìtì fún gbogbo kátá, bakitéríà yóò kọ́ bí a ṣe ń borí rẹ̀, oògùn náà kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́ nígbà tí a bá nílò rẹ̀. Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ètò kan kalẹ̀ láti kojú ìṣòro yìí.

Bí ìpéǹpéjú bá wú, bí ènìyàn bá ń rí ohun kan ní méjì, bí ọrùn bá le gan-an, tàbí bí orí fífọ́ bá pọ̀ lápọ̀jù tí ọ̀rọ̀ aláìsàn sì dàrú, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ní Rẹ́mọ, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986, wà ní Ṣágámù. Ti Yunifásítì Babcock wà ní Ìlíṣàn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́. Fún àrùn ọlọ́jọ́ pípẹ́, dókítà etí, imú àti ọ̀fun lè wo inú imú, kí ó ya àwòrán egungun ojú, kí ó fún aláìsàn ní oògùn tí ń dín wíwú kù, tàbí kí ó ṣe iṣẹ́ abẹ láti la ẹnu ọ̀nà ihò náà.

Ìdènà

Fífọ ọwọ́ ń dín ọ̀fìnkìn kù. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú eruku lè fi ìbomú bo imú, kí wọ́n sì máa fi omi wọ́n ilẹ̀ kí wọ́n tó gbá a nígbà ọyẹ́. Sìgá mímu ń ba irun wẹ́wẹ́ inú imú jẹ́. Kí wọ́n tètè tọ́jú eyín tí ó ń jẹrà. Àjẹsára tí ó ń dènà Streptococcus pneumoniae, tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọdé ní 2014, ni wọ́n ń gbà ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 lẹ́yìn ìbí.