Orúkọ Ilé Iṣẹ́ Tàbí Ìmọ̀ Iṣẹ́?

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọ̀rẹ́ wa kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ tọ̀ wá wá. Ọmọ náà kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò owó, ìwé ìpè méjì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan ti ilé ìfowópamọ́ ńlá kan wá. Ẹnu ọ̀nà ni yóò máa dúró sí, tí yóò máa júwe ibi tí àwọn oníbàárà yóò yà sí. Èkejì ti ọ̀dọ̀ àwọn aṣàyẹ̀wò ìwé owó mẹ́ta wá. Owó wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní ni wọn yóò ti gbé ìwé lé e lọ́wọ́. Bàbá fẹ́ ti àkọ́kọ́, kí àwọn ará àdúgbò lè gbọ́. Ọmọ dákẹ́, ó ń wo ilẹ̀.

Àwa pẹ̀lú ti tọ ọ̀nà yìí rí. Ní ìgbà èwe wa, a yan ọ́fíìsì kan tí orúkọ rẹ̀ kún ẹnu gbogbo ènìyàn. Ọdún méje ni a fi ń kọ iye lẹ́tà tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde. Nígbà tí a wá iṣẹ́ lọ sí ibòmíràn, wọ́n bi wá pé, “Kí ni ẹ lè ṣe?” Orúkọ ibi tí a ti wá nìkan ni a rí fi dáhùn. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ ni orúkọ ilé iṣẹ́: ní ọjọ́ tí a bá jáde, a ó bọ́ ọ sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín.

Ẹ jẹ́ kí a rántí olóògbé Akintola Williams, ẹni tí a bí ní 1919. Ní 1949, ó gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ìṣirò owó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó padà sílé, ó sì wọ iṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka owó orí. Iṣẹ́ ìjọba níyì púpọ̀ ní ìgbà náà. Síbẹ̀, ní 1952, ó fi í sílẹ̀, ó sì dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí a fi òfin gbé ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó Nàìjíríà kalẹ̀ ní 1965, òun ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹni ọdún 104 ni nígbà tí ó kú ní 2023.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń kẹ́gàn ilé ńlá. Bí wọ́n bá fún ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ tí ó kọ́ ṣe níbẹ̀, kí ó lọ tayọ̀tayọ̀. Ọ́fíìsì kékeré tí kò kọ́ni, tí kò sì sanwó, òfò ni. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè ni èyí: Kí ni ọwọ́ rẹ yóò máa ṣe ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan? Ta ni yóò kọ́ ọ? Lẹ́yìn ọdún méjì, kí ni ìwọ yóò lè dá ṣe?

A bi ọmọ náà ní ìbéèrè mẹ́ta yìí lójú bàbá rẹ̀, ó sì dáhùn wọn láìfòyà. Bàbá mí kanlẹ̀, ó ní, “Kí ni n ó wá wí fún àwọn ará àdúgbò?”

A ní kí ó wí fún wọn pé ọmọ òun ń kọ́ṣẹ́. Kò sí ìtìjú nínú èyíinì.