Ológbò Inú Ilé àti Ológbò Ìgboro: Ta Ló Lè Jà Jù?

Tí ológbò inú ilé bá bá ológbò ìgboro jà, ta ló máa borí? Mi ò ro ọ̀rọ̀ yìí rí, àfi lálẹ́ ọjọ́ tí ológbò mi gba ojú fèrèsé jáde ní Òkòta, tó lọ pàdé akọ ológbò kan lábẹ́ dánfó tó ti bàjẹ́. Igbe wọn jí gbogbo àdúgbò.

Ẹ̀yà kan náà làwọn méjèèjì. Eyín àti èékánná tara ìgboro ò mú ju ti ilé lọ. Ìrírí ló yàtọ̀. Ìyá ológbò ìgboro máa ń gbé eku tí kò tíì kú wá fáwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n fi kọ́ ọdẹ. Nínú ọjà bíi ti Òṣòdì, èyí tí kò bá tètè mọ̀ ọ́n kò ní yó. Tèmi, abọ́ oúnjẹ nìkan ló mọ̀.

Ológbò tó gbọ́n kì í sì fẹ́ jà. Á gbé irun sókè, á tẹ ẹ̀yìn bí ọrun, á máa ké, kí ẹnìkejì lè sá. Tèmi ò mọ ìgbà tó yẹ kó sá.

Ó padà wálé pẹ̀lú ojú eyín kékeré méjì lọ́rùn. Mo ní kò tó nǹkan. Lọ́jọ́ kẹta, ọrùn ti wú. Dókítà ẹranko ṣàlàyé fún mi pé eyín ológbò dà bí abẹ́rẹ́: ó ń ti kòkòrò àrùn wọnú ẹran, awọ á tètè padé, ọyún á gbá jọ sábẹ́. Irú jíjẹ bẹ́ẹ̀ náà ni FIV, tó ń ba agbára ìdáàbòbò ara ológbò jẹ́, fi ń ràn jù. Òun kì í ran èèyàn.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ló já mi láyà: “Ṣé ẹ ti gbabẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún un?” Mi ò tíì gbà á, bẹ́ẹ̀ ọmọ mi ń bá a ṣeré lójoojúmọ́. Dìgbòlugi ń ran èèyàn o, tí àmì rẹ̀ bá sì ti yọ, ó ṣọ̀wọ́n kéèyàn tó yè é.

Ta ló wá borí? Nínú ìjà, ti ìgboro ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ológbò ìgboro kì í pé oṣù 6 láyé, nígbà tí ti inú ilé lè lo ọdún 15.

Ẹ gbabẹ́rẹ́ fún tiyín, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé. Tí ológbò bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì gba ọsibítù lọ. Tèmi ti ń jẹun báyìí, ṣùgbọ́n a ṣì ń ṣọ́ ọ.