Ṣé o mọ̀? Àrà tí ń bẹ nínú átọ́ọ̀mù

Ṣé o mọ̀ pé òfìfo ló pọ̀ jù nínú irin tó le koko? Bí kókó àárín átọ́ọ̀mù, ìyẹn ẹyọ tíńtín tí a fi mọ gbogbo nǹkan, bá tó hóró iyanrìn kan, átọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀ yóò fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù!

Nínú kókó yẹn ni pírótọ́ọ̀nù wà, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sì wà lóde rẹ̀; pírótọ́ọ̀nù kan wúwo tó ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 1,836. Síbẹ̀, bó bá di ti iná tí wọ́n rù, ọ̀kan kò fi bín-ín-tín ju èkejì lọ: pírótọ́ọ̀nù ru àròpọ̀ (+), ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ru àyọkúrò (−).

Ta ló fún iná ní àmì méjèèjì yìí? Benjamin Franklin ni, ní 1747, ó ku 150 ọdún gbáko kí ẹnikẹ́ni tó ṣàwárí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù!

Ṣé o mọ̀ pé bàbá àti ọmọ ló pín ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jẹ? J. J. Thomson tó ṣàwárí rẹ̀ ní 1897 gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906. George ọmọ rẹ̀ gba tirẹ̀ ní 1937, torí ó fi hàn pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan náà ń ṣe bí ìgbì.

Nútírọ́ọ̀nù, ẹnìkejì pírótọ́ọ̀nù nínú kókó, ńkọ́? Kò ru iná kankan, ó sì fara pamọ́ títí di 1932 kí ọwọ́ James Chadwick tó tẹ̀ ẹ́.

Pírótọ́ọ̀nù mẹ́ta péré ló ya òjé sọ́tọ̀ sí wúrà: òjé ní 82, wúrà ní 79. Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú o, kò sí iná alágbẹ̀dẹ tó lè yọ mẹ́ta yẹn kúrò!

Ó yá, dáhùn èyí: ta ló pàdánù tó fi gba àmì àròpọ̀? Sódíọ́ọ̀mù ni: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 11 ló ní, bí ọ̀kan bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di áyọ́ọ̀nù (átọ́ọ̀mù tó ru iná) oní-(+).

Sódíọ́ọ̀mù ń gbiná bó bá kan omi. Kílórínì sì ni afẹ́fẹ́ olóró tí àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ ní ojú ogun ìlú Ypres ní 1915. Jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ fún èkejì ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, kí wọ́n sì fà mọ́ra: iyọ̀ ọbẹ̀ dé!

Bí o ṣe ń kàwé yìí gan-an, áyọ́ọ̀nù sódíọ́ọ̀mù àti ti pòtáṣíọ́ọ̀mù ń wọlé, wọ́n ń jáde lára iṣan tó so ojú rẹ mọ́ ọpọlọ. Bí wọ́n bá dáṣẹ́ sílẹ̀, o kò ní rí lẹ́tà kan ṣoṣo!

Mélòó lo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀? Lọ fi ìyókù dán ọ̀rẹ́ rẹ wò.